Ọwọ́ Malaea àti Abẹ́rẹ́ Tiresa

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin mẹ́rin, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Nọ́ọ̀sì Folole máa ń gbé àpótí funfun rẹ̀ wá sí ilé Ẹgbẹ́ Ìyá ní abúlé wa, Vaipuna, ní erékùṣù Savaiʻi. Bí àwọn ọmọ bá ti gbọ́ ìró ọkọ̀ rẹ̀ báyìí, ẹ ò ní rí wọn mọ́. Ẹlòmíì á sá wọ oko kókò, ẹlòmíì á gun igi máńgòrò, ẹlòmíì á ṣàdédé rántí pé àlùfáà rán òun níṣẹ́. Àwa ìyá la máa ń wá wọn jáde lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọmọ méje ló wà lórí ìwé wa. Àìsàn kan náà ló ti ṣe gbogbo wọn: ibà kan tó máa ń wọ oríkèé ara ọmọdé, tó sì máa ń ba ọkàn jẹ́. Abẹ́rẹ́ yẹn ni kì í jẹ́ kó padà wá. Èmi Siliga, akọ̀wé ẹgbẹ́, ni mo máa ń pe orúkọ wọn.

Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, ọmọ mẹ́fà ló jáde.

"Tiresa dà?" Nọ́ọ̀sì Folole bi mí.

"Ó wà ní erékùṣù Upolu," mo ní. "Lọ́dọ̀ àwọn ẹbí bàbá rẹ̀. Wọ́n á gún abẹ́rẹ́ fún un níbẹ̀."

"Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé tẹ́ ẹ máa sọ Upolu fún mi, Mama Siliga."

"Ó ti ń lọ sílé ìwé níbẹ̀ ni."

Irọ́ ni. Tiresa wà lẹ́yìn ilé wọn, ibi tí èèyàn lè ju òkò dé láti ibi tí a jókòó sí, ó ń ha àgbọn.

Kẹ́ ẹ tó dá mi lẹ́jọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́. Bí ọmọ bá pa abẹ́rẹ́ jẹ, wọ́n á pe orúkọ abúlé rẹ̀ nínú ìpàdé àwọn ìyá gbogbo àgbègbè, àwọn ará abúlé yòókù á sì máa wò yín láti orí dé ẹsẹ̀. Mi ò fẹ́ kí wọ́n pe Vaipuna. Yàtọ̀ síyẹn, Eseta, ìyá Tiresa, ló ń fi òróró ra orúnkún mi ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ọwọ́ rẹ̀ tù mí lára, mi ò sì fẹ́ bá irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ jà. Ìdí méjèèjì nìyẹn. Kò sí èyí tó dáa nínú wọn.

Ohun tó mú Eseta dá abẹ́rẹ́ ọmọ rẹ̀ dúró ni mo fẹ́ sọ. Fíìmù ni.

Gbogbo yín lẹ mọ Vaosa, òṣèrébìnrin wa. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì Vaipuna ni wọ́n bí i sí. Láti kékeré ni kì í ti í ṣe nǹkan ní ìwọ̀nba. Ní Ìsinmi Àwọn Ọmọdé, tí àwọn ọmọ máa ń wọ aṣọ funfun láti ka ẹsẹ Bíbélì lórí, tí wọ́n sì máa ń ṣeré inú Bíbélì, wọ́n ní kó ṣe ìyàwó Lọ́ọ̀tì. Ó di ọ̀wọ̀n iyọ̀ lóòótọ́. Eré parí, orin parí, wọ́n gba ọrẹ, kò mira. Bàbá rẹ̀ ló lọ gbé e kúrò níwájú.

Nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ó tẹ̀lé àwọn ẹbí lọ sí Auckland ní Niu Silandi. Ọdún mẹ́fà ló fi ń di ẹja sínú agolo lọ́sàn-án, tó ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì nírọ̀lẹ́, tó sì ń ṣeré ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì lópin ọ̀sẹ̀. Nínú fíìmù àkọ́kọ́ tó ṣe, ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré ló sọ: "Ọ̀gá, mo ti gbálẹ̀." Kò sẹ́ni tó ní láti kọ́ ọ ní ìyẹn. Lẹ́yìn èyí, ó ṣe ọmọ ọ̀dọ̀, ó ṣe opó, ó ṣe ìyàwó àlùfáà, títí tí wọ́n fi gbé odindi fíìmù lé e lọ́wọ́.

Nígbà tí orúkọ rẹ̀ ti tàn, ó dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tó ń kó dókítà àti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ọkàn ọmọdé kiri àwọn erékùṣù wa. Wọ́n bi í lórí rédíò pé kí ló dé tó fi jẹ́ ọ̀rọ̀ ọkàn ló mú ní ọ̀kúnkúndùn. Ó ní, "Àwọn ọmọdé ò lè gbẹnu sọ fúnra wọn." Ìdáhùn òṣèré nìyẹn. Ó dùn létí, kò sì sọ nǹkan kan fún wa.

Nínú fíìmù tó sọ ọ́ di olókìkí, ó ṣe fofō, ìyẹn àwọn tó ń fi ọwọ́ àti òróró wo èèyàn. Wọ́n gbé ọmọ kan wá tí orúnkún rẹ̀ wú. Vaosa fi òróró àgbọn ra á, ó ń kọrin jẹ́jẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọmọ náà dìde, ó sì sáré lọ sétí òkun. Nígbà tí fíìmù náà dé ọ̀dọ̀ wa níkẹyìn, a gbé e sára ògiri gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì wa, gbogbo wa la sunkún. Ṣùgbọ́n ẹkún Eseta yàtọ̀ sí tiwa.

"Ọwọ́ ìyá mi nìyẹn," ó ń sọ fún mi, ó di apá mi mú. "Mama Siliga, ẹ wo bí àtàǹpàkò yẹn ṣe ń yí. Ọwọ́ ìyá mi ni."

Òótọ́ ló sọ. Malaea, ìyá rẹ̀, ni fofō tí ọwọ́ rẹ̀ dáa jù ní gbogbo apá ibí yìí. Àbúrò ìyá Vaosa ni. Kí Vaosa tó ṣe fíìmù náà, ó wálé, ó jókòó ti Malaea fún ọ̀sẹ̀ méjì láti kọ́ bí ọwọ́ ṣe ń rìn. Kí fíìmù náà tó jáde, Malaea ti kú. Ìyá tí Eseta ti sin ló tún rí lára ògiri yẹn.

Ọjọ́ abẹ́rẹ́ tó tẹ̀lé e, mo lọ mú Tiresa nílé.

"Mi ò mú un wá mọ́," Eseta ní.

"Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Ó ń sunkún kí wọ́n tó gún un, ó ń sunkún tí wọ́n bá gún un tán, ó ń tiro fún ọjọ́ méjì. Ọdún méjì rèé. Ara rẹ̀ sì le. Ṣé ẹ̀yin ò wo fíìmù yẹn ni? Ẹ̀gbọ́n mi tó ń kó dókítà kiri, ṣé nǹkan tí kò ṣiṣẹ́ ló máa fi han gbogbo ayé?"

"Fíìmù ni, Eseta."

"Ọwọ́ ìyá mi kì í ṣe fíìmù."

Mo padà lọ bá Nọ́ọ̀sì Folole, mo sì sọ Upolu àkọ́kọ́.

Fún oṣù mẹ́ta, ó dà bíi pé Eseta ló gbọ́n. Tiresa, ọmọ ọdún mọ́kànlá, ń sáré, ó ń wẹ̀ nínú òkun, ó ń kọ́ ẹsẹ Bíbélì tó máa kà ní Ìsinmi Àwọn Ọmọdé. Lẹ́yìn Upolu ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ọ̀fun bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Eseta fún un ní omi gbígbóná àti oyin, ìrora ọ̀fun náà sì lọ. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i, ibà dé, orúnkún ọ̀tún wú. Eseta ra á, wíwú náà sì lọ sílẹ̀.

"Ẹ ò rí i?" ó bi mí.

Kò pé ọjọ́ mẹ́ta tí orúnkún òsì náà fi wú. Eseta ní ọmọ náà ló ń gbé ara lé e jù.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni Vaosa wálé, nítorí Ìsinmi Àwọn Ọmọdé kù sí dẹ̀dẹ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun abẹ́rẹ́ ló bọ́ sí, ó sì bá Nọ́ọ̀sì Folole wá sí ilé Ẹgbẹ́ Ìyá. A fi òdòdó kọ́ ọ lọ́rùn, a gbé kókò àti ẹja síwájú rẹ̀. Oòrùn mú, gbogbo wa ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀, ṣùgbọ́n aṣọ tó wọ̀ bo ọrùn, ó sì ní bọ́tìnnì títí dókè. Bó ṣe máa ń wọṣọ nìyẹn, nínú fíìmù àti níta. Ìwà ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì la kà á sí.

"Vaosa, ìwọ náà wá ra ẹsẹ̀ fún wa bíi ti inú fíìmù," ìyá kan ní.

"Ẹsẹ̀ yín ti gbó jù, Mama. Ọmọdé ni wọ́n ní kí n máa rà."

À ń rẹ́rìn-ín lọ́wọ́ nígbà tí Eseta wọlé. Ó pọn Tiresa sẹ́yìn, ọmọ ńlá bẹ́ẹ̀. Ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sórí ẹní níwájú Vaosa, inú rẹ̀ ń dùn.

"Ẹ̀gbọ́n, ọmọ yín rèé. Orúnkún rẹ̀ ń le díẹ̀. Mo ti ń ra á, àmọ́ ẹ bá mi fọwọ́ kàn án, kí gbogbo ìyá rí i lójúkojú."

Vaosa kúnlẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lé orúnkún ọmọ náà, ó sì yára gbé e kúrò.

"Ó gbóná. Èyí nìkan ló wú?"

"Ọ̀tún ló kọ́kọ́ wú," Eseta ní. "Ìyẹn ti lọ."

"Tiresa, ọ̀fun dùn ọ́ ṣáájú èyí?"

Ọmọ náà mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Ṣé o lè gun òkè ṣọ́ọ̀ṣì?"

"Mo máa ń jókòó lẹ́ẹ̀mejì kí n tó débẹ̀, Mama. Èémí mi kì í tó."

Vaosa gbójú sókè. "Nọ́ọ̀sì, abẹ́rẹ́ rẹ̀ ńkọ́?"

"Upolu ló ti ń gbà á," Folole ní.

"Upolu wo?" Eseta bi í. "Ọmọ mi ò kúrò ní Vaipuna láti ọdún tó kọjá."

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ máa bá a. Tèmi ò tiẹ̀ lọ jìnnà rárá.

"Èmi ni mo purọ́," mo ní.

Nọ́ọ̀sì Folole kò pariwo. Ó gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀. "Mama Siliga, ẹ̀yin ni ojú mi ní abúlé yìí," ó ní. Ì bá sàn kó bú mi.

Vaosa yíjú sí Eseta. "Kí ló dé tó ò mú un wá?"

"Ẹ̀yin náà kọ́? Mo rí yín nínú fíìmù. Ọmọ yẹn dìde."

Vaosa fi ìdí lélẹ̀ bí ẹni tó rẹ̀. "Eseta, ọmọ yẹn ò ṣàìsàn. Ìyẹ̀fun pípò ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn lórúnkún. Ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá la ṣe ibi tó ti dìde yẹn, torí ẹ̀rín ń pa á. Ìyá rẹ̀ ń fi bisikíìtì hàn án láti ẹ̀yìn kámẹ́rà kó lè sáré."

"Ọwọ́ yẹn ńkọ́? Ṣé irọ́ ni ọwọ́ ìyá mi náà?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀."

"Ohun tẹ́ ẹ ń sọ nìyẹn. Ẹ yá ọwọ́ rẹ̀, ẹ fi di olókìkí. Ó kú tán, ẹ wá ń bu ẹnu àtẹ́ lù ú lójú gbogbo ìyá."

Kò sẹ́ni tó fẹ́ abẹ̀bẹ̀ mọ́. Vaosa wo ọ̀nà, níbi tí àwọn ọkùnrin ti ń ti oko bọ̀. Ilé Ẹgbẹ́ Ìyá ò ní ògiri.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tú àwọn ẹní ẹ̀gbẹ́ ilé yẹn sílẹ̀," ó ní.

A tú àwọn ẹní imọ̀ àgbọn sílẹ̀ yí ká, ilé ṣókùnkùn díẹ̀. Vaosa bẹ̀rẹ̀ sí í tú bọ́tìnnì rẹ̀. Mo fẹ́ sọ pé kó má ṣe bẹ́ẹ̀, àmọ́ kí n tó lanu ó ti ṣí aṣọ náà. Àpá kan wà níbẹ̀, ó ga, ó ń dán, láti abẹ́ ọ̀fun wá sí àárín àyà.

"Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí àìsàn yìí mú mi," ó ní. "Orúnkún ọ̀tún, lẹ́yìn náà òsì, lẹ́yìn náà ọrùn ọwọ́. Ìyá rẹ ló ń ra mí. Ó ra ọ̀tún, ìrora sá lọ sí òsì. Ó ra òsì, ó sá lọ sí ọwọ́. Ìyá rẹ dáwọ́ dúró. Ó ní, 'Ohun tó bá ń sá kiri fún ọwọ́ mi, kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ mi.' Ó pọ̀n mí lọ sí èbúté, èmi àtòun la jọ wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí ọsibítù Apia. Ó ń bì lọ ni títí a fi gúnlẹ̀, kò sì sọ̀ mí kalẹ̀. Eseta, ìyá rẹ ló kọ́kọ́ mú mi lọ gba abẹ́rẹ́."

Vaosa fọwọ́ kan àyà rẹ̀.

"Àpá yìí, ẹ̀bi tèmi ni. Mo dé Auckland, ara mi le, iṣẹ́ ẹja ò fún mi láyè, mo dá abẹ́rẹ́ dúró. Lẹ́yìn ọdún mẹ́fà, wọ́n la àyà mi kí n má bàa kú. Àwọn tó ń ṣe fíìmù ò ní fẹ́ òṣèré tí ọkàn rẹ̀ lè dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́, mo bá bò ó. Mo ń lọ láti erékùṣù dé erékùṣù, mò ń ní kí ẹ tọ́jú ọkàn ọmọ yín, mo sì ń fi tèmi pa mọ́. Ká ní mo ti sọ ọ́ ni, o ò ní gba fíìmù gbọ́ jù mí lọ."

"Ìyá mi ò sọ ọ́ fún mi rí," Eseta ní níkẹyìn.

"O kéré nígbà yẹn, àwọn àgbà ilé wa ò sì sọ ọ́ níta. Nígbà tí mo wá kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, èmi ni mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má sọ fún ẹnikẹ́ni."

Eseta na ọwọ́, ó fi àtàǹpàkò rẹ̀ kan àpá náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó wá yíjú sí Folole. "Nọ́ọ̀sì, ẹ sọ ọ́ fún mi dáadáa. Kí ló ń ṣe ọmọ mi?"

"Kòkòrò kan ló máa ń wọ ọ̀fun," Folole ní. "Ara ọmọ á gbé ìjà kò ó, àmọ́ ìjà náà á ṣìnà, á bọ́ sí oríkèé, á bọ́ sí ọkàn. Ti oríkèé á lọ, bóyá ẹ ra á tàbí ẹ ò ra á. Ìyẹn ló fi dà bíi pé òróró ló wò ó sàn. Ọkàn ò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ilẹ̀kùn kéékèèké wà nínú rẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá, àwọn ló ń bàjẹ́. Abẹ́rẹ́ yìí ò lè tún ilẹ̀kùn tó ti bàjẹ́ ṣe. Ó kàn ń dínà mọ́ kòkòrò náà kó má tún wọlé ni, agbára rẹ̀ ò sì ju ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lọ."

"Tó bá wá kọjá ọ̀sẹ̀ mẹ́rin?"

"Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ti ṣí sílẹ̀ nìyẹn."

Ọkọ̀ Folole ni wọ́n fi gbé Tiresa lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀. Àwọn dókítà wo ọkàn rẹ̀. Ilẹ̀kùn kan tó ti ń jò díẹ̀ láti ọdún méjì sẹ́yìn ti wá ń jò gidi. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ìsinmi Àwọn Ọmọdé kọjá láìsí i. Eseta wálé fún ìsìn nìkan, ó dìde láàárín àwọn ọmọ aláṣọ funfun, ó ka ẹsẹ tó yẹ kí ọmọ rẹ̀ kà, ó sì ṣì í kà. Kò sẹ́ni tó tún un ṣe.

Ní báyìí, níbikíbi tí wọ́n bá ti fẹ́ fi fíìmù náà hàn ní erékùṣù wa, Vaosa á kọ́kọ́ dìde, á sọ ti àpá rẹ̀ kí wọ́n tó gbé fíìmù sára ògiri. Ó ti sọ ọ́ lórí rédíò pẹ̀lú. Fíìmù kan tí wọ́n ti bá a sọ tẹ́lẹ̀, ẹlòmíì ni wọ́n padà fi ṣe é. Ó ní kò dun òun. Mo rò pé ó dùn ún.

Eseta ṣì ń ra ẹsẹ̀ tó bá rọ́ àti ẹ̀yìn tó bá ń ro. Ọwọ́ rẹ̀ ò dín kù. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbé ọmọ tí oríkèé rẹ̀ wú wá, kò ní da òróró. Á kọ́kọ́ béèrè pé ọ̀fun ọmọ náà ńkọ́, á sì rán ìyá rẹ̀ sí Folole.

Ní tèmi, mo ní kí ẹgbẹ́ gba ìwé lọ́wọ́ mi. Wọ́n kọ̀. Ìtanràn tí wọ́n bù fún mi ni pé kí n máa lọ láti abúlé dé abúlé, kí n máa sọ ìtàn yìí bó ṣe ṣẹlẹ̀, láìfi apá tèmi pa mọ́. Ìdí tí mo fi wà níwájú yín nìyí.

Ẹ̀yin ìyá, bí ọ̀fun bá ń dun ọmọ yín, ẹ má fi oyin nìkan tàn án. Ẹ mú un lọ fún nọ́ọ̀sì kó wò ó. Bí oríkèé ọmọ bá wú, tí ó tún lọ sí ibòmíì, tí ibà wà níbẹ̀, tàbí tí èémí rẹ̀ kì í tó, ọsibítù ni lọ́jọ́ náà, kì í ṣe lọ́la.

Bí wọ́n bá ti ní kí ọmọ yín máa gba abẹ́rẹ́, ẹ kà á mọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kẹ́ ẹ sì máa gbà á títí tí dókítà fúnra rẹ̀ á fi ní ó tó. Ara tó le kì í ṣe àmì pé kẹ́ ẹ dá a dúró. Abẹ́rẹ́ yẹn ló jẹ́ kó le. Ẹ máa wo fíìmù, ẹ máa gbádùn rẹ̀, ẹ má fi wo àìsàn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń di ìwé orúkọ mú bíi tèmi, bí ọmọ ò bá wá, ẹ sọ pé kò wá. Ìtìjú abúlé kì í pa ọmọ, irọ́ tí a fi bo ìtìjú ló lè pa á.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, Tiresa ló kọ́kọ́ jókòó sórí ẹní, kò sá. Wọ́n gún un, ó di ọwọ́ mi mú, kò sì sunkún.

"Mama Siliga," ó ní, "tí mi ò bá pa èyíkéyìí jẹ mọ́, ṣé mẹ́ta tí mi ò gbà yẹn á padà?"

Mo ti purọ́ tó nítorí ọmọ yìí.

"Rárá," mo ní fún un. "Wọn ò ní padà."

Ó ní kí n bá òun kọ ọjọ́ abẹ́rẹ́ tó ń bọ̀ sílẹ̀.